Béárì ní Ẹnu-Ọ̀nà: Ohun Tí Ó Ń Mú Ẹranko Igbó Bá Ènìyàn Gbé Ìlú

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn kéékèèké méjì ń gbé ní ìlú Asheville, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi: béárì dúdú kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń tú garawa ìdọ̀tí níwájú ilé wọn lọ́sàn-án gangan, àwọn aládùúgbò sì dúró, wọ́n ń ya fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹranko náà ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò wọn nítorí bísíkíìtì tí ọmọ gbàgbé sórí àga. Ṣé igbó ni kò gba béárì mọ́ ni, àbí wọ́n ti di ẹran ọ̀sìn? Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi pé kí ó kó kúrò níbẹ̀? (Alhaja R. A., Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ìdáhùn: Alhaja, ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Kí n tó wọ inú àlàyé, n óò kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó ń jẹ yín lọ́kàn jù. Ọmọ yín kò ní láti kó kúrò ní Asheville nítorí béárì. Ohun tí ó ní láti kó kúrò níwájú ilé ni ìdọ̀tí tí ìdérí rẹ̀ kò le, nítorí òun gan-an ni ẹranko náà bá wá. Kì í ṣe àwọn ọmọ ni ó bá wá, kì í sì í ṣe ilé. Béárì tí ẹ rí yẹn kò di ẹran ọ̀sìn, igbó kò sì lé e jáde. Ẹranko igbó ni títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé oúnjẹ tí òun yóò fi odidi ọjọ́ wá kiri nínú igbó wà nínú garawa kan ṣoṣo lẹ́bàá títì. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ẹranko ní Àkókà, ibi tí mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹranko fi wọ ìlú, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹranko náà rí jẹ níbẹ̀.

Béárì kò sí ní ilẹ̀ wa, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé àyà yín já. Inú Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ bá orúkọ rẹ̀ pàdé, níbi tí Dáfídì ti ń sọ bí òun ṣe gba àgùntàn lẹ́nu kìnnìún àti béárì. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá nìkan, ní àgbègbè òkè Atlas, ni béárì ti gbé láyé àtijọ́, àwọn yẹn sì ti run ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Irú béárì mẹ́jọ ni ó ṣẹ́kù ní ayé. Èyí tí ó wà ní Asheville ni béárì dúdú ti Amẹ́ríkà, tí iye rẹ̀ lé ní 800,000 láti Alaska títí dé Mẹ́síkò, kò sì sí irú béárì mìíràn tí ó pọ̀ tó o. Àwòrán rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Eyín rẹ̀ gùn, èékánná rẹ̀ mú, akọ rẹ̀ tó dàgbà lè wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ, síbẹ̀ ewéko, èso igi, èèrà àti ìdin inú igi jíjẹrà ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Igi ni ó ń fi èékánná yẹn gùn, kùkùté ni ó sì ń fi tú. Ẹran kò tó nǹkan nínú ohun tí ó ń jẹ.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ le fún béárì ju bí ó ti le fún ajá tàbí ológbò lọ ni bí ọdún ṣe pín fún un. Nígbà òtútù, nígbà tí kò sí èso kankan lórí igi, yóò wọ inú ihò, yóò sì sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ, láìmu, láìtọ̀, láìyàgbẹ́. Ọkàn rẹ̀, tí ó máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 40 sí 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò rẹlẹ̀ dé nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Inú ihò yẹn náà ni abo ti ń bímọ, ní nǹkan bí oṣù kìíní, yóò sì máa fún àwọn ọmọ lọ́mú láìfi òkèlè kan kan ẹnu. Ọ̀rá tí ó kó sára kí òtútù tó dé nìkan ni gbogbo wọn gbójú lé. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, láti ìparí oṣù kẹjọ títí di nǹkan bí oṣù kọkànlá, ebi tí ń mú béárì kì í ṣe ebi lásán. Ó lè fi 20 wákàtí wá oúnjẹ lójúmọ́, kí ó sì jẹ tó 20,000 kálórì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí àgbàlagbà ènìyàn yóò jẹ fún ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Nínú igbó orí òkè tí ó yí Asheville ká, èso igi oak ni ó ń wá ní àsìkò yẹn, èso kéékèèké tí ó ní láti máa ṣà níkọ̀ọ̀kan lábẹ́ ewé gbígbẹ, ọdún mìíràn sì wà tí igi oak kì í so dáadáa. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ a máa gbé àpótí kékeré kọ́ ara igi nínú ọgbà, wọn a rọ èso sunflower sí i fún àwọn ẹyẹ. Kìlógíráàmù mẹ́ta irú èso bẹ́ẹ̀ ní ju 10,000 kálórì lọ, béárì kò sì nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti gbá a wálẹ̀ kí ó sì lá a tán. Ẹ gbé èyí yẹ̀wò, Alhaja: èwo ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yóò yàn?

Imú ni béárì fi ń mọ ayé. Imú rẹ̀ mú ju ti ajá lọ, ó sì lè gbóòórùn oúnjẹ láti ibi tí ó ju kìlómítà kan lọ. Bísíkíìtì tí ọmọ-ọmọ yín gbàgbé sórí àga, tí ẹ̀yin àti èmi lè jókòó tì láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò ti kún inú mọ́tò náà, yóò sì máa jò jáde láti ibi kóńkó tí fèrèsé ti pàdé ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò òde òní kò ju kí a ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀, kí a fà á lọ. Béárì a ti èékánná bọ̀ ọ́, a fà á, ilẹ̀kùn a sì ṣí. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn lè padà pa dé mọ́ ọn nínú. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti mọ ọ̀nà àbájáde, yóò fa tìmùtìmù ya, yóò já òrùlé inú ọkọ̀ wálẹ̀, yóò sì jẹ gbogbo ike ibẹ̀ léyín kí ẹnikẹ́ni tó wá gbà á sílẹ̀.

Ní ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé Yosemite ní California, béárì bá ènìyàn ní gbólóhùn asọ̀ ní ìgbà tí ó ju 1,500 lọ ní ọdún 1998 nìkan, mọ́tò fífọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo àkọsílẹ̀ àwọn mọ́tò tí béárì fọ́ níbẹ̀ láàárín 2001 sí 2007, wọ́n rí i pé àwọn béárì kì í kàn fọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. Ọkọ̀ ńlá onílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ń lò, tí wọ́n ń pè ní minivan, ni wọ́n ń yàn láàyò, kódà nígbà tí irú ọkọ̀ mìíràn pọ̀ jù ú lọ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ìyá tí ó bá ti gbé ọmọ kékeré sínú ọkọ̀ rí mọ ìdí rẹ̀: èérún bísíkíìtì kì í tán lábẹ́ àga irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, omi èso a sì máa dà síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Oúnjẹ yìí ti yí ara béárì gan-an padà, ibí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń gbà mí lọ́kàn jù. Ìlú ọmọ yín wà lára àwọn ìlú tí a ti kọ́ ohun púpọ̀. Ní ọdún 2014 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì North Carolina State àti ilé iṣẹ́ ẹranko ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn béárì ní Asheville, ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí ẹranko náà wà ránṣẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru. Wọ́n rí i pé abo ọlọ́dún kan tí ó ń gbé ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń gbé igbó lọ. Nínú àwọn abo ọlọ́dún méjì tí wọ́n tọpa rẹ̀ nínú ìlú, èyí tí ó ju ìdajì lọ ni ó ti bímọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan tí ó bí ní ọjọ́ orí yẹn nínú àwọn ti igbó. Ní Nevada, lẹ́bàá adágún Tahoe, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé béárì ìlú wúwo ju ti igbó lọ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, àti pé iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń sùn nínú ihò dín kù. Ẹranko tí ó ń rí jẹ ní àárín òtútù kò ní ìdí tí yóò fi wọ ihò kíákíá, kò sì ní ìdí tí kò fi ní jáde kíákíá.

Ẹnìkan lè sọ pé ara wọn ń yá nìyẹn, pé kí ni aburú inú rẹ̀? Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Durango ní Colorado, àwọn olùwádìí rí i pé bí ìgbà òtútù bá fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo móoru sí i, oorun béárì a dín ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, oúnjẹ ènìyàn sì tún ń gé e kúrú sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún wo inú ẹ̀jẹ̀ àwọn béárì Colorado, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó jẹ oúnjẹ ènìyàn jù ni ó sùn kéré jù, àti pé àmì ogbó ń yára hàn nínú ara àwọn tí oorun wọn kúrú. Ohun tí ó dà bí ìgbádùn lójú ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ tún fi títì kún un: béárì tí ó ń bá ènìyàn gbé ìlú ní láti sọdá ọ̀nà márosẹ̀ lóru, mọ́tò a sì máa pa púpọ̀ nínú wọn.

Mo ti mẹ́nu kan òru, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 2018, ìwádìí kan kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ láti gbogbo ayé jọ lórí irú ẹranko 62, ó sì fi hàn pé níbi tí ènìyàn bá ti pọ̀, ẹranko a máa fi ọ̀sán sílẹ̀ fún wa, a sì máa gba òru. Ẹranko tí ó ń pín ìrìn rẹ̀ ní ọgbọọgba láàárín ọ̀sán àti òru tẹ́lẹ̀ yóò wá máa fi òru rìn ní nǹkan bí ìgbà 68 nínú 100. Béárì wà lára wọn. Níbi tí ènìyàn bá ti ń lé e, òru ni ó ń jáde. Kí wá ni ti béárì ọmọ yín, tí ó jáde lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká?

Ohun méjì ni a ní láti yà sọ́tọ̀ níbí, nítorí ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ yóò ṣi béárì mú. Èkíní ni pé ènìyàn lè mọ́ ẹranko lára. Ó ti rí wa lọ́pọ̀ ìgbà, a kò pa á, a kò sì lé e, nítorí náà kò sá mọ́. Èyí nìkan kì í ṣe ewu ńlá. Ó kàn ń gba ibi tí ènìyàn wà kọjá bí màlúù Fúlàní ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ títì ni. Èkejì ni pé ó ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò, ó sì ti so òórùn wa, ilé wa àti mọ́tò wa pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹranko tí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, tí kò bẹ̀rù, tí ó sì ń retí oúnjẹ, òun ni a ń bẹ̀rù. Béárì inú fídíò yín ti dé ibẹ̀, èyí sì ni ó mú kí n kọ ìdáhùn gígùn báyìí dípò kí n kàn ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ rẹ̀ níhìn-ín. Ní Lẹ́kkí, ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àwọn ọ̀bọ tí a ń pè ní mona sì ń gbé inú rẹ̀, tí ilé ti yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì. Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ògiri ilé kan ní agbègbè yẹn, mo sì ń wo ọ̀bọ kan tí ó ti mú ọ̀rá ìpékeré kan. Kò fi eyín fa ọ̀rá náà ya. Ó gbé e sórí itan, ó fi ìka méjì méjì di etí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún àti lósì, ó rọra fà á, ọ̀rá náà sì là láàárín gẹ́gẹ́ bí èmi náà ì bá ṣe là á. Ó kó ìpékeré jẹ tán, ó wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ó lá iyọ̀ inú rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Ọ̀bọ kékeré kan jókòó tì í, kò bá a jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí àgbà náà lọ tán, òun ni ó mú ọ̀rá òfìfo yẹn, ó gbé e sórí itan, ó sì di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ àwòdì tí ń rà bàbà lókè ọjà ẹja. Bí ẹ bá gba Òjótà kọjá lẹ́bàá ààtàn Olúṣósùn, ẹ óò rí lékeléke tí ó yẹ kí ó máa tẹ̀lé màlúù, tí ó wá ń tẹ̀lé ọkọ̀ akólẹ̀. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni sìn nínú wọn. Ilẹ̀ tí a dà nù ni ó pè wọ́n.

Ohun tí ọ̀bọ kékeré yẹn ṣe ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ béárì mẹ́ta inú fídíò yín, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni ó ká mi lára jù. Ọmọ béárì dúdú a máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 16 sí 18. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibi tí ìyá bá yà sí ni òun náà ń yà sí. Ohun tí ìyá bá tú ni òun náà ń kọ́ láti tú. Àwọn olùwádìí ní Yosemite fi ẹ̀rí hàn ní 2008 pé jíjẹ oúnjẹ ènìyàn kì í ṣe ohun tí béárì ń bí mọ́ ọmọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́ nídìí oúnjẹ ènìyàn a máa padà sídìí rẹ̀ nígbà tí ó bá dá dúró; èyí tí ìyá rẹ̀ tọ́ nínú igbó a sì máa jẹ oúnjẹ igbó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aládùúgbò ọmọ yín dúró tí wọ́n ń ya fọ́tò, ilé ìwé ni wọ́n ń yà ní fọ́tò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa béèrè pé kí ló dé tí ìjọba kò fi kó wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní Nevada, wọ́n mú béárì 62 nínú ìlú, wọ́n gbé wọn lọ tú sílẹ̀, wọ́n yin ọta rọ́bà lu àwọn kan, wọ́n fi ariwo ńlá dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì tú ajá sí àwọn mìíràn kí ìlú lè sú wọn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú wọn ni ó padà wá sínú ìlú. Béárì mọ ọ̀nà ilé, ó sì mọ adùn. Èyí tí ó bá padà wá léraléra, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ilẹ̀kùn ilé wọlé, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń tún sọ fún ará ìlú, pé béárì tí ẹ bá ti bọ́, òkú béárì ni. Ní ìlú Churchill ní Kánádà, níbi tí béárì funfun ti ń gba etí òkun Hudson kọjá, wọ́n ní ilé kan tí wọ́n ń ti àwọn tí ó bá wọ ìlú mọ́ títí omi òkun yóò fi dì. Wọn kì í fún wọn lóúnjẹ níbẹ̀, omi nìkan ni, kí béárì má baà so ènìyàn pọ̀ mọ́ oúnjẹ láé. Ìyà kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Béárì funfun lè gbààwẹ̀ pẹ́ ní àsìkò yẹn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni àwọn ará Durango fi ṣe iṣẹ́ láìmọ̀ ọ́n. Àwọn olùwádìí pín garawa onídèérí líle tí béárì kò lè ṣí, ó ju 1,000 lọ, fún àwọn ilé ní apá kan ìlú, wọ́n sì fi apá mìíràn sílẹ̀ bí ó ti wà. Ìjà béárì pẹ̀lú ìdọ̀tí fi ìdá 60 nínú 100 kéré ní apá tí wọ́n ti pín in. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọgbà Yellowstone, níbi tí ààtàn gbangba ti ń bọ́ béárì aláwọ̀ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn àlejò sì ń wá jókòó wò wọ́n bí eré ìtàgé. Nígbà tí wọ́n ti àwọn ààtàn náà pa ní ìparí àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ti ìkẹyìn ní 1970, àwọn béárì tí kò mọ oúnjẹ mìíràn ya wọ ibùdó àwọn àlejò, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1975, ìjọba ní láti fi òfin dáàbò bo àwọn tí ó ṣẹ́kù. Kì í ṣe pé títì tí wọ́n ti ààtàn kò dára. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tì í ni.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí ewu náà ti tó fún àwọn ọmọ. Láti 1900 títí di 2009, ènìyàn 63 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé béárì dúdú pa ní gbogbo Amẹ́ríkà àti Kánádà, èyí tí kò tó ẹnìkan lọ́dún. Akọ tí ó dá rìn ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ṣe é, kì í ṣe abo ọlọ́mọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn béárì láti ibòmíràn, ẹ máa kọ́kọ́ béèrè irú èyí tí í ṣe. Èyí tí ó wọ ìlú Sapporo ní Jàpáàn ní oṣù kẹfà 2021, tí ó ṣe ènìyàn mẹ́rin léṣe kí wọ́n tó pa á, béárì aláwọ̀ ilẹ̀ ni, irú rẹ̀ kan náà ni ó sì ń tú garawa ìdọ̀tí ní ìlú Brașov ní Ròmáníà. Òun tóbi jù, ó sì le jù. Béárì dúdú a máa fẹ́ sá gun igi ju kí ó jà lọ. Síbẹ̀, kí àwọn ọmọ má ṣe sáré fún un láé, nítorí kò sí ènìyàn tí ó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n dúró, kí wọ́n kọjú sí i, kí àgbàlagbà máa sọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú ohùn tó dúró, kí wọ́n sì rọra máa fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ́ sí àárín ìyá àti ọmọ. Bí wọ́n bá ní ajá, kí wọ́n so ó, nítorí ajá tí ó sáré lọ gbó béárì tí ó sì sá padà wá bá olówó rẹ̀ ni ó máa ń fa ọ̀pọ̀ ìjà. Bí béárì dúdú bá sì fi ọwọ́ kan ènìyàn, kí ẹni náà jà pẹ̀lú ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe sùn sílẹ̀ bí òkú.

Àwọn ohun tí ẹ óò sọ fún ọmọ yín kò le. Kí ó gbé oúnjẹ ẹyẹ kúrò nínú ọgbà títí òtútù yóò fi wọlé dáadáa. Oúnjẹ ajá kò gbọdọ̀ sùn síta, ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹran sì ní láti di fífọ̀ kí ọ̀rá tó gbẹ sí i. Egungun adìyẹ àti orí ẹja, kí ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ó fi wọ́n sínú fírísà títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ yóò kọjá. Kí wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́tò, kí wọ́n sì máa gbá abẹ́ àga rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Garawa onídèérí líle náà, kí ó rà á, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀, kí ó sì bá àwọn aládùúgbò sọ ọ́, nítorí garawa kan tí a tì láàárín mẹ́wàá tí ó ṣí sílẹ̀ kò ní lé béárì lọ. Ètò kan wà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BearWise, tí àdúgbò lè fi ṣe àjọṣe lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tí ó ṣe kókó jù ni wákàtí tí wọ́n ń gbé garawa síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé e síta lálẹ́ kí ọkọ̀ tó dé láàárọ̀, kí wọ́n lè sùn pẹ́ díẹ̀. Ní irú àsìkò oṣù kẹjọ tí ẹ rí fídíò yẹn, aago Èkó fi wákàtí márùn-ún ṣáájú ti Asheville. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, agogo méjìlá ààbọ̀ òru ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wákàtí tí béárì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá nìyẹn. Kí garawa wà nínú ilé ní wákàtí yẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ gan-an ni kí ó tó jáde.

Ìyá béárì náà yóò wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣeé ṣe kí ó wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, nítorí kò ní tètè gbàgbé. Lẹ́yìn náà òtútù yóò dé, yóò kó àwọn ọmọ wọ ihò. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, yóò lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lọ́dọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì gba iwájú ilé ọmọ yín kọjá ní òun nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́. Yóò dúró, yóò gbé imú sókè, yóò rìn yí ibi tí garawa máa ń wà tẹ́lẹ̀ ká, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ sí apá òkè níbi tí àwọn igi oak wà.